Owó Wúfà àti Owó Wáyà

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, etí ni a fi ń mọ takisí Micra kí ojú tó rí i. Ìlù fújì á kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni orí ọkọ̀ á yọ láàárín àwọn aláta àti àwọn alágbàárù. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tó ti wà nídìí sítíárì láti ìdájí, tó ń gun òkè Mápó, tó ń sọ̀ ọ́, tí oòrùn ń pa, tí owó olówó ọkọ̀ ń dúró dè ní ìrọ̀lẹ́, kí ni yóò gbé e dé alẹ́ bí kì í bá ṣe orin? Èrò pàápàá ń fẹ́ ẹ. Bí rédíò Àmúlùdùn bá ń sọ ìròyìn láàárọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́, àwọn mẹ́rin tí kò mọ ara wọn rí á ti máa bára wọn jiyàn kí wọ́n tó kọjá Ọjẹ́ lọ sí Gate. Nítorí náà, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ràn orin jù. Ìtàn ẹni tó ní owó díẹ̀ ni, tó sì gé owó náà kù níbi tí kò yẹ kí ó ti gé e.

Ohùn inú àpótí kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí. Ní 1939 ni ìjọba amúnisìn gbé rédíò tí wáyà ń gbé ohùn rẹ̀ kiri wọ Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Èkó ti ní tirẹ̀. Rediffusion ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá mọ̀ ọ́n sí. Àpótí kékeré ni, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri, wáyà á sì gbé ohùn wá bá a láti ibùdó. Onílé kò mọ nǹkan kan nípa wáyà náà. Òṣìṣẹ́ ló ń fà á, òṣìṣẹ́ ló ń tún un ṣe. Ti onílé ni kí ó san owó oṣù, kí ó sì jókòó ti asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀. Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin ni yóò ra rédíò, òun náà ni yóò ra wáyà, òun ni yóò sì yan ẹni tí yóò so wọ́n pọ̀. Ewu tó ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá ti bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ṣọ́ owó ná.

Ọ̀dọ́kùnrin awakọ̀ kan ń bẹ ní Bẹyẹrúnká, agbo ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ṣì ń wakọ̀ jẹun. Micra tó ń wà nígbà náà, ọwọ́ Alhaji kan ló ti gbà á ní àsan-díẹ̀-díẹ̀, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì ń sanwó. Rédíò tó bá ọkọ̀ náà ti òkè òkun dé, oníkásẹ́ẹ̀tì ni, ó sì ti ń jẹ téèpù. Sípíkà méjì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, bébà wọn ti ya. Orin àwúrèbe Dáúdà Epo-Àkàrà tó yẹ kó gba gbogbo àdúgbò kan, á há sínú wọn, kò ní yọ.

Ó dá àjọ, àjọ sì kàn án. Ohun tó fẹ́ rà ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́: rédíò tuntun tó ní Bluetooth, tí a lè ki fíláàṣì bọ̀, ámpù tó ń fún ohùn lágbára, àti wúfà, sípíkà ńlá ínǹṣì 12 nínú àpótí tí yóò wà ní búùtù, pẹ̀lú iná aláràbarà tí yóò máa ṣẹ́jú bí ìlù bá ń dún. Ó kọ́kọ́ lọ bá rẹwáyà tó máa ń bá a tún iná ọkọ̀ ṣe, àgbàlagbà kan nítòsí Bẹẹrẹ. Ohun tí wọ́n jọ sọ lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ló ròyìn rẹ̀ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnu wọn sì kò.

"Ọmọ mi, owó ẹ yìí tó gbọ́ orin," ni bàbá náà wí. "Kò kàn tó ariwo tó ò ń wá ni. Jẹ́ ká ra wáyà bàbà gidi ná, ká ra fíúsì àti ilé ẹ̀, ká pààrọ̀ sípíkà ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì. Tí àjọ míì bá tún kàn ẹ́, a ó fi wúfà kún un."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé wáyà ló ń kọrin ni? Ta ló máa wọ mọ́tò mi tó máa rí wáyà?"

"Kò sẹ́ni tó máa rí i. Òun náà ló jẹ́ kó rọrùn láti fi rẹ́ yín jẹ."

Ó dúpẹ́, ó lọ. Kò pẹ́ tó fi rí ẹlòmíràn tó sọ pé ọ̀sán kan péré ni òun yóò fi parí gbogbo rẹ̀, owó kò sì ní ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n so wáyà pupa kan mọ́ orí bátìrì láti gbé iná lọ bá ámpù ní búùtù. Lójú, wáyà náà sanra. Rọ́bà rẹ̀ ló sanra, ohun tó wà nínú rọ́bà kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ wáyà ámpù olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà báyìí, alumíníọ̀mù ni inú wọn, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lójú. Kì í gbé iná tó bàbà gidi tí wọ́n jọ sanra bákan náà, ó sì máa ń tètè gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kí ó fi ọ̀bẹ ha ojú okùn irin kan nínú rẹ̀: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù ni.

Wọ́n lu ihò sára páànù tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ èrò iwájú, wọ́n ki wáyà náà gba ibẹ̀ wọlé. Wọn kò fi rọ́bà sí etí ihò náà. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e gbà dé ẹ̀yìn. Wáyà dúdú tó yẹ kó kan ara ọkọ̀ dáadáa, orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́, wọn kò ha ọ̀dà náà kúrò.

Fíúsì ńkọ́? Awakọ̀ náà béèrè, mo sì gbóríyìn fún un pé ó béèrè. Wọ́n fi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ámpù hàn án: "Bọ̀dá, fíúsì rèé, ó bá a wá láti kọ́ńpìnnì." Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Fíúsì ara ámpù, ámpù ló ń ṣọ́. Wáyà tó gùn tó bíi mítà mẹ́rin láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ní olùṣọ́ kankan. Fíúsì tó ń ṣọ́ wáyà, ìdí bátìrì ni ibùgbé rẹ̀. Ìlànà àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni pé kò gbọdọ̀ jìnnà síbẹ̀ ju ínǹṣì 18 lọ, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Owó rẹ̀ kò ju owó àmàlà ọ̀sán mélòó kan lọ.

Orin náà dùn o. Àwọn ọ̀dọ́ Bẹyẹrúnká á dá ọkọ̀ dúró nítorí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì á ní kó gbé e sókè díẹ̀ sí i. Àwa èrò náà ní ìpín tiwa nínú ẹ̀bi yìí: a ń yin ọkọ̀ tó ń pariwo, a kì í sì í béèrè ohun tó ń gbé ariwo náà dúró.

Kò pẹ́ tí àmì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí wúfà bá ti lù lálẹ́, iná iwájú ọkọ̀ á rẹ̀ wálẹ̀, á tún tàn. Láàárọ̀, bátìrì kò lè ta ọkọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á máa tì í. Ó ra bátìrì tòkunbọ̀ mìíràn. Òun náà kò pẹ́ tó fi rọ. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Iná ọkọ̀ fóltì 12 ni. Bí ámpù bá ń jẹ wáàtì 360, ẹ pín in sí 12, ampere 30 nìyẹn. Iná iwájú méjèèjì ń jẹ bíi 9. Fáànù, wípà, iná ẹ̀yìn àti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń jẹ tiwọn. Alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, nínú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ampere 70 lọ nígbà tó wà ní tuntun, tuntun kọ́ sì ni ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Micra tó ti sin òyìnbó tán kí ó tó wá sìn wá. Nínú sún-kẹẹrẹ Ọjà'ba, tí ẹ́ńjìnnì kàn ń mí lórí ìdúró, kò lè pèsè tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ibi tó kù, inú bátìrì ni wúfà ti ń mú un. Bátìrì kejì, kẹta, kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ó ra sípíkà tuntun sí iwájú, ìyẹn náà ya. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé agbára ámpù pọ̀ jù fún un. Ìdàkejì rẹ̀ ló wọ́pọ̀: bí iná kò bá dé ámpù dáadáa, tí a sì gbé ohùn sókè dé òpin, orí ohùn náà á gé, ohun tó sì ń jáde á máa sun wáyà inú sípíkà, pàápàá àwọn kéékèèké tó ń gbé ohùn tínrín. Ìwé ara páálí ámpù náà ní wáàtì 1000. Irọ́ tí ọjà ń pa fún tálákà nìyẹn, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá rí i. Nọ́ńbà ńlá náà, ti ìṣẹ́jú akàn ni. Nọ́ńbà tó yẹ kí ojú wá ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Rédíò tí wọ́n kọ 50 ní ìlọ́po mẹ́rin sí lójú, bíi wáàtì 20 tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa gbé jáde láìdúró.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ já. Ó kó èrò mẹ́rin ní Ọjà'ba, ó dorí kọ òkè Mápó. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lójú kòtò, etí ihò páànù sì ti ń gé rọ́bà wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ki í bọ̀ ọ́. Ọjọ́ náà ló gé e kan irin.

Ìyá kan tó jókòó síwájú ló kọ́kọ́ pariwo pé ilẹ̀ ń jó òun lẹ́sẹ̀. Kí awakọ̀ tó wolẹ̀, èéfín ti bo dáṣíbọọdù. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sọ?" ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi í. Ó dúró, ó pa kọ́kọ́rọ́, gbogbo wọn bẹ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú. Orin kú. Èéfín kò kú. Wáyà náà kò gba abẹ́ kọ́kọ́rọ́ kọjá rárá. Orí bátìrì ló ti wá tààrà, ohun tó wà nínú bátìrì ni yóò sì máa tú sínú rẹ̀ títí ohun kan yóò fi já. Bátìrì ọkọ̀ tí a ń rí yìí, bí irin pupa rẹ̀ bá kan ara ọkọ̀ láìsí ohun tó dí i lọ́wọ́, ó lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere jáde lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n ní ká fi irú iná bẹ́ẹ̀ gba inú wáyà yẹn, bí ìgbà tí a bá gbé ẹrù alágbàárù lé ọmọ ọwọ́ lórí ni. Ó pọ́n, rọ́bà rẹ̀ gbiná, kápẹ́ẹ̀tì gbiná tẹ̀lé e.

Awakọ̀ náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ fa wáyà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Wọ́n ti fi sípánà dè é pinpin, kò sì ní sípánà lọ́kọ̀. Apaná tó wà lábẹ́ àga rẹ̀, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ló ṣe gbé e síbẹ̀. Ó ti tán nínú láti ọdún tó ti pẹ́. Fọganáísà kan létí títì ló sáré dé pẹ̀lú sípánà nọ́ńbà 10, ó sì mọ ohun tó ń ṣe, orí dúdú bátìrì ló kọ́kọ́ tú. Kíá ni wáyà tutù. Awakọ̀ mìíràn gbé apaná tirẹ̀ wá, àwọn ènìyàn sì ń da yẹ̀pẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá náà jóná lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ìró rẹ̀ sì bàjẹ́. Kẹ́ẹ̀gì epo tí awakọ̀ náà máa ń gbé sí búùtù nígbà tí epo bá wọ́n, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń já mi láyà títí di òní ni pé ọ̀sán ni. Bí wáyà náà bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lóru ńkọ́, nígbà tí ọkọ̀ náà wà níwájú agbo ilé? Ilé wa ní Bẹyẹrúnká fara kan ara wọn, òrùlé wọnú òrùlé, ọ̀pọ̀ ojúlé ni ọkọ̀ panápaná kò lè dé. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé kí ó sùn. Wáyà tí kò ní fíúsì, tó so mọ́ bátìrì tọ̀sántòru, tó wà lábẹ́ fèrèsé àwọn ọmọdé, iná orí òrùlé ni.

Àwọn tó ń fi orin sínú ọkọ̀ ojú omi mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa ará orí ilẹ̀ lọ, torí ẹni tí iná bá ká mọ́ àárín ọ̀sà kò ní ibi tí yóò bẹ́ sí àfi omi. Ìlànà American Boat and Yacht Council, tí àwọn akànkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé, fẹ́ kí fíúsì wà láàárín ínǹṣì 7 sí orísun iná, àfi bí wáyà bá wà nínú ìbòrí tó ń dáàbò bò ó. Wáyà tí wọ́n fi tánńganran bò ni wọ́n ń lò, kí iyọ̀ inú omi má baà jẹ bàbà rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí a má gbé sípíkà sún mọ́ kọ́ńpáàsì, torí òòfà inú rẹ̀ á ti abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, atukọ̀ á sì ṣìnà. Epo bẹntiróò tó ń fẹ́ jáde nínú kẹ́ẹ̀gì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń rọ́ sí, ìsàlẹ̀ náà sì ni wáyà ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, ẹ sọ èyí fún wọn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ńkọ́? Òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sípíkà méjì tó mọ́, tó jẹ́ òm̀ 4 bí èyí tó bá ọkọ̀ wá, tí a fi pákó róbótó dè mọ́ ilẹ̀kùn kí ó má gbọ̀n, tí a sì dí àwọn ihò ńlá inú ilẹ̀kùn náà, yóò yí orin padà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Pẹ̀lú rédíò lásán, láìsí ámpù. Bí a bá so sípíkà òm̀ 4 méjì pọ̀ mọ́ ẹnu kan ṣoṣo, 2 ni rédíò yóò rí, ọ̀pọ̀ rédíò kò sì lè gbé e, wọ́n á gbóná wọ́n á kú. Bí ó bá wá di dandan kí ámpù wọ ọ̀rọ̀ náà, owó wáyà, owó fíúsì àti owó rọ́bà etí ihò ni kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni owó ámpù. Bí kò bá tó, kò tíì tó nìyẹn. Kí a ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà dúdú yóò kàn. Ọjà àlòkù tó dára wà, n kò sọ pé tuntun nìkan ni ká rà. Ámpù tòkunbọ̀ tó ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ gidi jáde sàn ju tuntun onírọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wáyà tí a ti lò, tí rọ́bà rẹ̀ ti gan, kí ẹnikẹ́ni má rà á.

Etí náà jẹ́ ara owó tí à ń ná. Ọ̀dọ́kùnrin náà sọ fún mi pé lálẹ́, bí òun bá dùbúlẹ̀, nǹkan kan á máa hó nínú etí òun. Àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NIOSH, fi ìwọ̀n désíbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 ṣe òpin lójúmọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Èrò á sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ, awakọ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀. Etí tó bá ti kú lọ́nà bẹ́ẹ̀, kò sí oògùn tó ń jí i.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọkọ̀ náà fi wà nílẹ̀. Gbogbo wáyà abẹ́ dáṣíbọọdù ni wọ́n pààrọ̀, àti kápẹ́ẹ̀tì, àti àga iwájú. Alhaji kò dá owó ọ̀sẹ̀ dúró, n kò sì bá a wí, bí àdéhùn wọn ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ọkọ̀ ì bá máa yẹ ọkọ̀ wọn wò bí wọ́n ṣe ń ka owó wọn. Wúfà ni wọ́n tà láti fi san lára gbèsè. Ọ̀dọ́kùnrin náà padà lọ bá bàbá rẹwáyà tó kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn, bàbá náà kò sì rán an létí ohunkóhun. Sípíkà méjì ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, fíúsì wà nídìí bátìrì, sípánà nọ́ńbà 10 wà nínú àpótí iwájú, apaná rẹ̀ sì kún. Mo ti wọ̀ ọ́. Orin ibẹ̀ mọ́, a sì lè bára wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnká, ẹ̀yin olówó ọkọ̀ pẹ̀lú, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lónìí. Ẹ fi ọwọ́ tọ gbogbo wáyà tó bá jáde láti orí pupa bátìrì. Èyí tí ẹ bá rí pé wọ́n fà lọ sídìí rédíò tàbí ámpù, tí ẹ tọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ tí ẹ kò tíì bá fíúsì, ẹ tú u kúrò lórí bátìrì kí ẹ tó gbé èrò mìíràn, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ náà lọ bá rẹwáyà yín.